Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú? Ìṣọ́ Sinimá Yorùbá láti Ìgbà Róòlù dé Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí àwọn òṣèré alárìnjó Yorùbá bọ́ sídìí sinimá, láti orí Àjàní Ògún ní 1976, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣọ́ iṣẹ́ wọn kò le: wọn kì í jẹ́ kí ó kúrò lójú wọn. Olówó sinimá fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó fọkàn tán, ló ń gbé róòlù láti ìlú dé ìlú. Yóò háyà gbọ̀ngàn, yóò gba owó lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ bí eré bá parí. (Orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ èyí, kò sí òṣèré tó lè fi ara rẹ̀ ránṣẹ́.) Òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà fíìmù, iye owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà kò rọrùn fún olè láti dà á kọ.

Fídíò ló sọ ìṣọ́ yìí di asán. Ní 1982 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun darí. Ẹ̀dà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè, wọ́n dà á sórí káséètì, wọ́n sì ń tà á. Ẹ̀rọ fídíò méjì ti tó láti sọ ẹ̀dà kan di ọgọ́rùn-ún. Gbèsè ni sinimá náà kó aláwàdà ńlá yìí sí. Lójú tèmi, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí jù bí àdánù ẹnì kan. Òpin ìlànà ìṣọ́ kan ló jẹ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ jáde ní 1988, ṣùgbọ́n ọjà ayédèrú kò dáwọ́ dúró. Láti orí káséètì ni ó bọ́ sórí díìsìkì, Àlàbá sì di orúkọ tí gbogbo onísinimá ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ń ti Ọjọ́ta gba Kétu lọ sí Máìlì 12 nígbà náà yóò rí wọn láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí wọ́n ń kiri díìsìkì kan tó gba sinimá mẹ́wàá.

Ní 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá Amẹ́ríkà gbé ìlànà tuntun jáde fún gbọ̀ngàn tó ń lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń yí sinimá padà di àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kan pàtó, nínú gbọ̀ngàn kan pàtó, ni kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí, láti ọjọ́ àti wákàtí kan sí òmíràn. Bí àkókò bá pé, sinimá kò ní ṣí mọ́. Àmì àìfojúrí tún wà nínú àwòrán: bí ẹnìkan bá fi fóònù ká a sílẹ̀, àmì náà yóò sọ gbọ̀ngàn àti àkókò tí ó ti jí i.

Gbọ̀ngàn wo, ọjọ́ wo, wákàtí wo: ohun tí olówó sinimá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣọ́ ní 1976 nìyí. Ìyàtọ̀ wọn ni pé òun ń tẹ̀ lé róòlù rẹ̀ padà sílé. Kọ́kọ́rọ́ tuntun kò kọjá ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ yàrá tí a ti ń to àwòrán àti díìsìkì tí à ń tà fún ilé wà lóde rẹ̀. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Afọláyan tó kó ipa àkọ́kọ́ nínú Àjàní Ògún, gbé October 1 lọ sí gbọ̀ngàn sinimá ní 2014. Òun náà padà figbe ta pé ayédèrú rẹ̀ ti wà lọ́jà.