Ooru Tí Kò Dé Ilé Ọmọ

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, Goop, ìkànnì tí òṣèrébìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, Gwyneth Paltrow, dá sílẹ̀, gba àwọn obìnrin níyànjú láti lọ jókòó sórí àga kan ní ilé ìtọ́jú ara kan ní Kalifóníà. Ooru omi tí wọ́n fi ewé sè ló ń jáde lábẹ́ àga náà, tí ó sì ń fẹ́ sí ojú ara ẹni tó jókòó. Ìkànnì náà ní ooru yìí ń fọ ilé ọmọ mọ́, ó sì ń mú kí họ́móònù obìnrin wà déédéé. Kò pẹ́ tí Jen Gunter, dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn obìnrin, fi fèsì pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò, nítorí pé ooru kò lè gba ojú ara dé ilé ọmọ.

Ọ̀rọ̀ dókítà náà kò pa ọjà yìí. Láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń polówó ewé gbígbẹ inú ọ̀rá lórí Instagram gẹ́gẹ́ bí àṣírí àwọn ìyá ńlá: ó ń kó ìdọ̀tí inú jáde, ó ń yọ́ kókó inú ilé ọmọ, ó ń ṣínà fún oyún. Lóòótọ́, ìtọ́jú náà ti gbó. Ohun tí àwọn olùpolówó kò sọ ni pé àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ náà ti gbó.

Ní ọdún 1889, Flinders Petrie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wú ohun àtijọ́ nílẹ̀, rí àwọn ìwé papirúsì kan ní Kahun, lẹ́bàá El-Lahun, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé ìṣègùn obìnrin tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1800 ṣáájú ìbí Jésù. Nínú rẹ̀, bí ojú bá ń dun obìnrin tí ọrùn sì ń ro ó, ilé ọmọ rẹ̀ ni oníṣègùn ń dá lẹ́bi. Ìtọ́jú tí ìwé náà sì là sílẹ̀ ni kí wọ́n fi tùràrí àti òróró fín ilé ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àwọn oníṣègùn Gíríìkì gba èrò yìí, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Nínú àwọn ìwé tí a ń fi orúkọ Hippocrates pè, ilé ọmọ a máa kúrò ní àyè rẹ̀, a máa rìn káàkiri inú ara bí ẹran tó já okùn, a sì máa fún obìnrin lọ́rùn. Láti dá a padà, wọn a fi òórùn burúkú sí i nímú, wọn a sì fi òórùn dídùn fín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wúwo jù ni ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin tí kò lóyún. Wọn a fi aṣọ bò ó, wọn a fín in láti ìsàlẹ̀. Bí òórùn náà bá la inú ara rẹ̀ kọjá dé imú àti ẹnu, kò yàgàn. Bí kò bá dé ibẹ̀, àléébù wà lára rẹ̀. Lójú wọn, ihò kan ṣoṣo ló la inú obìnrin kọjá láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu.

Ẹni tó ta ko èrò yìí gbangba ni Soranus ará Éfésù, tó ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àìsàn obìnrin, ó ṣàlàyé pé ilé ọmọ kì í ṣe ẹranko tó ń sá fún òórùn burúkú tó sì ń tọ òórùn dídùn lọ. Ẹ̀yà ara ni, ó lè wú, ó sì lè súnkì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ bá irọ́ yìí ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ irọ́ náà kò dúró. Ní ọ̀rúndún kejìlá, nínú àwọn ìwé ìṣègùn obìnrin tó ti ìlú Salerno jáde ní Ítálì, fífín ìsàlẹ̀ obìnrin ṣì wà níbẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Àwọn obìnrin tí kò gbọ́ orúkọ Hippocrates rí náà ní ti wọn. Ní Kòríà, wọ́n ń jókòó sórí ooru ewé. Ní Sùdáánì, obìnrin ilé ọkọ a máa fi aṣọ bo ara, a sì jókòó sórí ihò tí igi olóòórùn dídùn ti ń jó. Ní Indonéṣíà, ẹfín ewé àti egbò ni wọ́n ń lò. Nílẹ̀ Yorùbá, omi gbígbóná jẹ́ ara ìtọ́jú ìyá ìkókó: ìyá àgbà a fi aṣọ tí a rì sínú rẹ̀ tẹ ikùn ọmọ rẹ̀, a sì ní kó jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ibi tó yẹ ẹ́. Ìyá àgbà tó ń gbé omi kaná ló ń ṣọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ya jù, ló ń fọwọ́ kan iwájú orí bóyá ibà ń bọ̀, ló ń gbé ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Agbára ìtọ́jú náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Omi gbígbóná fúnra rẹ̀ kò mọ ìyá ìkókó yàtọ̀. Ìwẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní wankan jego ti bó àwọn kan lára. Ohun tí àwọn olùtajà òde òní ṣe ni pé wọ́n yọ ìyá àgbà kúrò, wọ́n di ewé sínú ọ̀rá, wọ́n sì tà á fún obìnrin tí yóò dá jókòó sórí ìkòkò nínú yàrá rẹ̀.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn nípa ara obìnrin kò ṣòroó yé. Ẹnu ilé ọmọ wà ní pípadé, ikun nípọn sì dí i. Ojú ara ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tirẹ̀ tó ń pèsè omi kíkan láti lé àrùn jìnnà, nítorí náà ó ń tọ́jú ara rẹ̀. Nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù sínú ìkòkò. Ooru kò dé ibi tí kókó ilé ọmọ wà, kò sì lè ṣí ọ̀nà ẹyin tí àrùn ti dí. Awọ ara tó wà níta ló ń bá pàdé, awọ náà sì tètè ń bó.

Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn àwọn dókítà aláìsàn obìnrin ní Kánádà tẹ ìtàn obìnrin ẹni ọdún 62 kan jáde. Ojú ara rẹ̀ ń yọ síta, iṣẹ́ abẹ ló sì ń dúró dè. Ó gbọ́ pé ooru lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ó sì jókòó sórí omi híhó fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ó bó débi pé ó dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní láti sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.

Kò yẹ kí a fi obìnrin yìí rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi àwọn tó ń ra ewé inú ọ̀rá rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù ló ń ta ọjà náà. Láti ayé àwọn Gíríìkì tó ń fín ìyàwó láti mọ̀ bóyá ó yàgàn, títí di ìdílé Yorùbá tí ìyàwó ti ń gbọ́ èébú nítorí ọmọ, obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbé ka orí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ara ọkọ tàbí ara àwọn méjèèjì ni ìdí àìrọ́mọbí wà. Ooru kò yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò rí. Oṣù mẹ́fà tí obìnrin fi ń jókòó sórí ewé jẹ́ oṣù mẹ́fà tí tọkọtaya kò lọ fún àyẹ̀wò, tí kókó ń dàgbà sí i, tí àrùn sì ń jinlẹ̀.

Obìnrin tí omi ara rẹ̀ ń rùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ láìṣe àsìkò, tí ikùn ń dùn, tàbí tó ti ń retí oyún fún ọdún kan, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oyún, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ.