Ohùn Ẹni: Dúró Ládípọ̀ àti Ìlù Tí Wọ́n Kọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá dìde lọ́la tí ó ní eré ṣíṣe, orin kíkọ tàbí àwòrán yíyà ni ọ̀nà tí òun fẹ́ gbà wọ ọjà ayé, ojú baba a le, ìyá a sì káwọ́ lérí. Wọn a bi í léèrè pé ta ni ó ṣe é rí tí ó fi jẹun? Ìbéèrè yìí tọ́, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kò lè kọrin pẹ́. Síbẹ̀, ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ṣòro jù ú lọ: báwo ni ẹni tí ó yan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ ohùn tirẹ̀, tí kò fi ní máa sín ohùn ẹlòmíràn jẹ títí ọjọ́ ayé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Iṣẹ́ méjì ni ‘ohùn’ ń ṣe nínú èdè wa. Ohùn ni ohun tí ó ń ti ọ̀fun jáde, tí a fi ń mọ Òjó yàtọ̀ sí Àjàyí nínú òkùnkùn. Ohùn náà sì ni gíga àti ìsàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kí ó tó ní ìtumọ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá yí ohùn padà ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlù wa fi ń sọ̀rọ̀, nítorí ohùn èdè ni ó ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú orin ìsìn wá pẹ̀lú wọn. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sínú orin òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó lọ sókè, orin a fà á wálẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí ó rọlẹ̀, orin a gbé e ga. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń kọ orin tí ó jẹ́ pé ìwé ọwọ́ wọn nìkan ni ó lè jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn kan rí àléébù yìí. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó, kọ orin ìsìn tí ó bá ohùn Yorùbá mu, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953.

Inú ìjọ kan náà ni eré orí ìtàgé wa ti òde òní ti jáde. Ní ọdún 1944, Hubert Ògúndé, tí ó ń ṣe ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré kan nípa ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀. Lásìkò náà, alágbe àti ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka alárìnjó sí. Ògúndé rin ìlú dé ìlú, ó ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ ilé, ó sì bọ́ ẹgbẹ́. Òun ni ó dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn òbí ń béèrè. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni a fẹ́ wá lọ sí Òṣogbo.

Ọmọ Òṣogbo ni Dúró Ládípọ̀. Ilé onígbàgbọ́ ìjọ Áńgílíkà ni ó ti wá, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, ó kọ orin Àjíǹde kan fún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin náà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Lójú àwọn tí ó takò ó, ìlù òrìṣà kò ní ohun tí ó ń wá nínú ilé Ọlọ́run. Kì í ṣe ìkà ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ohun tí baba wọn kọ̀ sílẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú Ládípọ̀. Ó lè yọ ìlù kúrò kí ó sì jókòó sí àyè rẹ̀ ní àlàáfíà, tàbí kí ó gbé ìlù rẹ̀ kí ó sì wá àwùjọ mìíràn. Ó gbé e. Ó kó orin rẹ̀ lọ síbi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè gbọ́ ọ, títí kan ilé ẹgbẹ́ Mbari tí àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ní ọdún 1962, òun náà ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Èdè Ìgbò ni ‘mbari’, orúkọ ilé ọnà tí àwọn Ìgbò ń mọ fún òrìṣà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n etí àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò, Yorùbá ni wọ́n gbọ́: ‘M bá rí, m bá yọ̀.’ Báyìí ni ilé náà ṣe di Mbárí Mbáyọ̀. Ọ̀rọ̀ àjèjì wọ ẹnu wa, a fún un ní ohùn wa, ó sì di tiwa.

Eré tí Ládípọ̀ fi ṣí ilé náà ni Ọba Mọ́rọ̀. Inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ni ìtàn náà ti wá. Aláàfin kan fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán àwọn ènìyàn lọ ṣe bí ọ̀rọ̀ lórí òkè, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba rán ọdẹ, wọ́n sì mú àwọn ‘ọ̀rọ̀’ náà. Ìtàn ìpadàsílé ni, ó sì bá ẹni tí ó gbé e jáde mu.

Nítorí pé nígbà tí ó kan Ọba Kòso ní 1963, Ládípọ̀ kò tún fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Oríkì, ọfọ̀ àti orin ìbílẹ̀ ni ó fi ṣe ẹran ara eré náà, bàtá sì ni eegun rẹ̀. A kò lè rí irú nǹkan wọ̀nyí kọ́ nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni wọ́n ni a ti ń gbà wọ́n: onílù, akígbe oríkì, olùsìn Ṣàngó. Tíṣà tí ó ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn padà di ọmọ iṣẹ́ níwájú àwọn tí kò ka ìwé kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ ṣe Ọya. Ìtàn Ṣàngó pẹ̀lú Tímì àti Gbọ̀ńkáà, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé rò pé àwọn mọ̀, wá di tuntun létí wọn. Ní 1964, wọ́n ṣe é ní Berlin ní Jámánì; ní 1965, wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹnì kan lè sọ pé Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ni ó ṣe é fún un. Òótọ́ ni pé Beier ràn án lọ́wọ́ gidigidi, kò sì yẹ kí a fi oore rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ni kọ́ ni ó bá ni rìn ín. Oríkì Ṣàngó ti wà ní Òṣogbo kí Beier tó dé. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò gbójú lé e pé ó tó gbé sórí ìtàgé níwájú gbogbo ayé.

Ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Inú ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayàwòrán Òṣogbo ti jáde, nígbà tí Georgina Beier dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn ní 1964. Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná mànàmáná ìtàgé. Ó wá mú ìlẹ̀kẹ̀, tí a mọ̀ mọ́ adé ọba, wọ inú àwòrán. Oníjó tí ó bá olóògùn kiri wá sí Òṣogbo ni Twins Seven Seven. Ní 2005, àjọ UNESCO fi í jẹ Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà. Muraina Oyelami ṣe eré, ó lu ìlù, ó sì ya àwòrán. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀kan kò jọ ti èkejì.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, a kì í fi ìkánjú wá ohùn. Ládípọ̀ kọ orin bí wọ́n ti kọ́ ọ kí ó tó mọ ibi tí kò ti bá a lára mu. Èkejì, ohùn ẹni kì í ṣe ohun tí ènìyàn dá nìkan hun. Bí akọrin kò bá kọ́ oríkì lẹ́nu ẹni tí ó ni í, ariwo ni yóò máa pa. Ẹ̀kẹta, ó ní ohun tí í náni. Àwùjọ àkọ́kọ́ tí a kọrin fún lè má fẹ́ ẹ, ẹni tí kò bá lè fara da èyí kò ní rí èkejì.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ tí ó ń fi ìka lu àga nínú kíláàsì lè jẹ́ aláìgbọràn lóòótọ́. Ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ tún bi í léèrè ohun tí ìlù náà ń sọ.

Dúró Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 1978, kò tíì darúgbó. Lónìí, a ń fi Ọba Kòso kọ́ ọmọ ní yunifásítì. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá, tí ìjọ Áńgílíkà wà lára wọn, dùndún ń ké ní ọjọ́ Àjíǹde, àwọn àgbà ìjọ sì ń jó sí i.