Ohun Tí Atropine Ń Tú Nínú Ọkàn

Ní 1874, Michael Foster tó ń kọ́ni ní Cambridge gbé oje ewé jaborandi, igi ilẹ̀ Bùràsíìlì, fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ John Langley pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Langley rí i pé oje náà ń mú kí ọkàn àkèré máa lù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kan oògùn atropine, ọkàn a padà sí bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀. Ní 1878, lẹ́yìn tó ti wo ohun tí atropine àti pilocarpine inú jaborandi ń ṣe sí itọ́ ẹnu, ó kọ ọ́ pé nǹkan kan wà nínú ara tí àwọn méjèèjì ń so mọ́. Nǹkan yẹn là ń pè ní rìsẹ́pítọ̀ muscarinic lónìí; ewé ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwòrán ìrísí M2, irú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ọkàn.

Acetylcholine ni ara fúnra rẹ̀ ń rán sí M2 láti ẹnu iṣan vagus. Tó bá so mọ́ ọn, púrótéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní G á pín sí méjì: apá kan á ṣílẹ̀kùn fún potásíọ̀mù láti jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, apá kejì á dín cAMP, òjíṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá lílù ọkàn sílẹ̀ á wá máa pẹ́ kí wọ́n tó tún lù. Pilocarpine ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Atropine kàn ń gba àyè ni, kò ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, gbólóhùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, pé atropine ń mú ọkàn sáré, kò pé. Ìjánu ni vagus jẹ́, ìjánu yẹn ni atropine ń tú. Ọ̀dọ́ tí vagus rẹ̀ lágbára ni ọkàn rẹ̀ ń sáré jù. Ti arúgbó kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, tí wọ́n ti gé vagus rẹ̀, sábà máa ń gbà á láìsí ìyàtọ̀. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, mìlígíráàmù 1 ni dókítà ń fún un lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 3 lápapọ̀. Èyí tí kò tó ìdajì mìlígíráàmù lè tún mú kí ọkàn falẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Hyoscyamine, ìyá atropine, wà nínú gegemu tí àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń mu. Ẹnu wọn á gbẹ, ọmọlójú á fẹ̀, ọkàn á máa sáré, wọ́n á sì máa sọ ìsọkúsọ. Ó dùn mí, nítorí iye tó wà nínú ewé kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, kò sì sí ẹni tó lè fojú wọ̀n ọ́n. Oògùn kan tí dókítà lè fi tọ́jú ẹni tó mu ún ni physostigmine. Inú ẹ̀wà Calabar ni wọ́n ti rí i; kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè bàjẹ́, kí ó lè bá atropine du àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fa ọkàn sẹ́yìn jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn sì wà lára aláìsàn.