Alágbàtà Ilé ní Òṣogbo àti Iléṣà: Ta Ni Ká Gbé Iṣẹ́ Fún?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òwe yìí ni bàbá mi fi dá àwọn àbúrò wọn lóhùn lọ́dún tí ẹbí wa fẹ́ ta ilé bàbá wa àgbà ní Òkèsà, ní Iléṣà. Owó ilé náà la fẹ́ fi tọ́jú ìyá wa àgbà, tí ojú wọn nílò iṣẹ́ abẹ. Ajẹ́ńtì méjì ló wá. Èkíní ní ìdá 5 nínú 100 owó tí a bá ta ilé náà ni òun yóò gbà. Èkejì ní ìdá 2 péré ti tó òun. Bàbá mi ní kí a mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ìyá àgbà wá béèrè pé, "Kí ni ẹni tó fẹ́ gba owó kékeré yẹn máa bá wa ṣe?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fún wọn. Ìbéèrè yìí ló mú mi lọ wádìí ìtàn alágbàtà ilẹ̀ àti ilé ní agbègbè wa.

Láyé àtijọ́, kò sí alágbàtà ilẹ̀, nítorí pé a kì í ta ilẹ̀. Ẹbí ló ni ilẹ̀: àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Àlejò tó bá fẹ́ dáko yóò gbé obì àti ọtí lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Bí wọ́n bá fún un ní ilẹ̀, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò di tirẹ̀. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá gba èyí wọlé nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Oluwa ti Èkó, pe ìjọba lórí ilẹ̀ Àpápá. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa, pé ti ìlú tàbí ti ẹbí ni.

Bí a kò tilẹ̀ ta ilẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà ti mọ iṣẹ́ alágbàtà dunjú. Ta ni kò gbọ́ orúkọ òṣómàáló rí? Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, òṣómàáló yóò lọ sí ilé onígbèsè, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Aṣọ òṣómàáló wọ́n ju ti inú ọjà lọ. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń rà á? Ìdí ni pé òun ló ru ẹrù wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, òun ló dúró de owó, òun náà ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí onígbèsè bá sá lọ. Kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Òṣómàáló ni bàbá wa àgbà. Ìṣòwò yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé tí à ń wí yìí.

Ọ̀nà tí ilé gbà di ọjà kò ṣẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin àti kòkó. Ọdún 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo. Àwọn oníṣòwò dé, ìlú fẹ̀, owó kòkó sì sọ ilé onípáànù di púpọ̀ ní Òṣogbo àti Iléṣà. Ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ kọ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀ ẹbí. Ó lè tà á bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló jogún ilé náà pọ̀, ó sì di ohun ẹbí. Ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ kan tí gbogbo ẹni tó fẹ́ ta ilé ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí a fagi lé e.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 tún fi ẹrù kún ẹrù. Òfin yìí fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní ẹni tó ní ìwé C of O kò gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn láìsí àṣẹ gómìnà. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo sì di olú ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ́ wá, wọ́n ń wá ilé, wọ́n ń wá ilẹ̀. Báyìí ni ajẹ́ńtì ṣe pọ̀ sí i.

Ajẹ́ńtì kò rí bákan náà o. Láti ọdún 1975 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìdíyelé ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lọ́wọ́ lónìí lè pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ńtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé kan tó mílíọ̀nù 20 náírà. Ajẹ́ńtì onídàá 5 yóò gba mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù 19 yóò kù fún onílé. Onídàá 2 yóò gba 400,000 náírà. Bí òun náà bá tà á ní mílíọ̀nù 20, onílé jèrè 600,000 náírà lórí tàkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kánjú tà á ní mílíọ̀nù 18, 17,640,000 náírà ló máa kù. Onílé ti pàdánù ju mílíọ̀nù kan lọ nítorí pé ó fẹ́ ṣọ́ owó kọmíṣọ̀n. Bí onídàá 2 kò bá ti lè tà á tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 àti 400,000, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ló sàn jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Purplebricks bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ní ọdún 2014. Iye kan pàtó ni wọ́n ń gbà, ìbáà ṣe pé ilé tà tàbí kò tà. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ bá wọn, síbẹ̀ ní ọdún 2023 wọ́n ta iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ mìíràn ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, níbi tí kọmíṣọ̀n ti sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 tàbí 6, àwọn onílé gbé ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́ńtì lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 418 dọ́là. Owó kékeré lè tanni, owó ńlá náà sì lè jẹ́ ìrẹ́jẹ.

Ẹni tó kéré lówó náà ni bàbá mi mú. Ó lẹ pátákó mọ́ ara ògiri, ó ya fọ́tò mẹ́ta, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó mú oníbàárà kan wá. Kò béèrè ìwé ilé, kò sì béèrè ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí. Nígbà tí àbúrò bàbá mi tó wà ní Èkó gbọ́, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ sí i, ni oníbàárà bá sá lọ. A padà sọ́dọ̀ onídàá 5. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ó sì wá lọ́yà sí i. Lẹ́yìn náà ló tó wá oníbàárà. Ilé náà tà. Ìyá àgbà ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló padà ríran.

Èmi kò sọ pé kí ẹ máa mú ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Aládùúgbò wa kan ní Òṣogbo gbé ilé rẹ̀ fún onídàá 2. Ìwé rẹ̀ pé, kò sí ẹbí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, oníbàárà sì ti wà nílẹ̀. Ilé náà tà láàárín oṣù kan. Iṣẹ́ kékeré, owó kékeré. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwé kò bá pé, tí àwọn ajogún pọ̀, ẹ rántí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kí ẹ tó béèrè iye tí ajẹ́ńtì fẹ́ gbà, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ìyá àgbà béèrè: kí ni yóò bá yín ṣe? Ẹni tó bá lè ka iṣẹ́ náà fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ni kí ẹ jókòó bá sọ̀rọ̀ owó.