Giramafóònù: Tuntun Ni Ká Rà, Àbí Tòkunbọ̀?

Àwo orin Hárúnà Ìṣọ̀lá tàbí ti Ebenezer Obey tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a tún ń rí rà lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí owó ọwọ́ yín kò bá pọ̀, tí ẹ sì fẹ́ ra giramafóònù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tàbí tó wúwo jù ń ha àwo, àwo tó bá sì ti ha kò ní àtúnṣe.

Abẹ́rẹ́ giramafóònù tuntun kò tíì jẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó pọ́ọ́kú jù, tí wọ́n ṣe bí àpótí kékeré, ọ̀pọ̀ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi nǹkan bíi gíráàmù 5 tẹ àwo, nígbà tí nǹkan bíi 2 tó fún ẹ̀rọ gidi.

Tòkunbọ̀ ayé 1970 sí 1989 sábà máa ń lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé àwo sí i. Ṣé ó ń yí geerege, ìgbà 33⅓ tàbí 45 ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé bẹ́líìtì rẹ̀ kò tíì dẹ̀? Ṣé irú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà? Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ tilẹ̀ lo tiransifọ́mà, àwọn kan á ṣì máa falẹ̀ lórí iná tiwa.

Bí ẹ bá mọ atúnròṣe tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ ra tòkunbọ̀, kí ẹ sì yọ owó abẹ́rẹ́ tuntun sọ́tọ̀. Bí kò bá sí, ẹ fara balẹ̀ tu owó jọ, kí ẹ ra tuntun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúyẹ́.