Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ikùn ọlá, ẹ mú okùn kí ẹ fi wọ̀n ọ́n

Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin kan bá yọ ikùn síwájú, ohun tí aráyé máa ń sọ ni pé owó ti dé, ayé sì ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Títí di òní olónìí, àwọn kan ṣì ń pè é ní ikùn ọlá. Bí obìnrin bá sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọn a ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti jẹ́ kó yé wa pé ọ̀rá tó bá kó jọ sínú ikùn kì í ṣe ẹ̀rí ọrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tó máa ń fà. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kò dìgbà tí èèyàn bá dé ọsibítù kó tó mọ̀ bóyá ikùn òun ti kọjá ààlà. Okùn lásán ti tó.

Kí ló burú nínú ọ̀rá ikùn?

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rá ń gbà kó jọ sí agbedeméjì ara. Èkíní ni èyí tó wà lábẹ́ awọ, tí èèyàn lè fi ìka fà mú. Èkejì ni èyí tó sá pamọ́ sínú, tó yí ìfun, ẹ̀dọ̀ àtàwọn ẹ̀yà inú mìíràn ká. Èkejì yìí ló léwu jù. Ó máa ń da ọ̀rá àtàwọn èròjà tí kò dára sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gba púpọ̀ nínú wọn. Bó bá pẹ́, ọ̀rá á kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀; ínsúlíìnì, tó yẹ kó máa darí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́; ìfúnpá á sì máa lọ sókè. Gbogbo èyí lè máa ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ibì kankan ń dun onítọ̀hún. Ọjọ́ tí yóò mọ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ láti gbéra.

Ìdí tí ìwọ̀n kílò nìkan kò fi tó

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ọsibítù ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní BMI. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló pilẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn; ọdún 1972 ni Ancel Keys àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Bí èèyàn ṣe wọ̀n tó àti bó ṣe ga tó nìkan ló ń wò. Kò mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó ga ní 1.70 mítà, tó sì wọn kílò 70. BMI rẹ̀ jẹ́ 24.2, bẹ́ẹ̀ láti 25 ni àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, ti ń sọ pé èèyàn ti sanra jù. Wọn á ní kó máa lọ, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tín-ín-rín, tí ikùn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94 yíká, ewu ń bẹ níbẹ̀ tí BMI kò rí.

Bákan náà, wíwọn ikùn nìkan láìwo gíga lè ṣini lọ́nà. Ikùn sẹ̀ǹtímítà 90 kò pọ̀ jù fún ẹni tó ga ní 190, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù fún ẹni tó ga ní 155. Ìdí nìyí tí Margaret Ashwell, onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí ikùn ẹni má ṣe tó ìdajì gíga ẹni. Lọ́dún 2012, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn èèyàn tó lé ní 300,000 jọ. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n yìí ń tọ́ka sí ewu ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ju BMI lọ.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹnì kan sì bá yín wọn gíga yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ egungun ìhà yín, kí ẹ tún wá orí egungun ìbàdí. Àárín méjèèjì ni kí ẹ fi tépù aránṣọ yí ká, lórí ara, kì í ṣe lórí aṣọ. Ẹ mí síta wẹ́rẹ́ kí ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé o, nítorí ara yín ni ẹ ń tàn.

Ẹ wá fi gíga pín ikùn. Ọkùnrin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, 94 tí a fi 170 pín, yóò jẹ́ 0.55. Ínǹṣì náà ṣeé lò, bí ẹ bá ti fi ínǹṣì wọn méjèèjì. Ẹni tó ga ní ínǹṣì 66, ikùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 33.

Ẹni tí kò mọ ìṣirò lè gé okùn tó gùn tó òun gẹ́lẹ́, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó sì fi yí ikùn ká. Bí orí okùn méjèèjì kò bá kanra, ikùn ti ju ìdajì lọ.

Ẹ má fi ṣòkòtò ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn, tí wọ́n á ní ínǹṣì 34 làwọn ṣì ń wọ̀. Ṣòkòtò olókùn àti ìró kì í sì ṣàròyé.

Ohun tí èsì rẹ̀ ń sọ

Lọ́dún 2022, àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ England, fọwọ́ sí ìwọ̀n yìí. Láti 0.4 dé 0.49, ara dá. Láti 0.5 dé 0.59, ewu ti pọ̀ sí i. Bó bá di 0.6 sókè, ewu náà ga gan-an. Ìkan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin, àwọ̀ yòówù kí wọ́n jẹ́. Àjọ náà tún sọ pé láàárín àwọn tó wá láti ìdílé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà, ewu máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí BMI bá dé 23, kì í ṣe 25. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nílé àti lẹ́yìn odi.

Ìwọ̀n yìí kò wà fún aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ikùn bá sì ṣàdédé wú, ó lè jẹ́ omi tàbí kókó ló wà níbẹ̀. Dókítà ló yẹ kó wò ó.

Kí ni ṣíṣe?

Ìkìlọ̀ ni èsì yìí, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé 0.5, kó lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà ara rẹ̀ wò. Kó dín òkèlè kù, kó fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún oúnjẹ, kó sì jáwọ́ nínú ọtí àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. WHO ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀; ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà lára rẹ̀. Dídi ikùn pinpin kì í yọ́ ọ̀rá. Tíì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ wá okùn kan lónìí, kí tọkọtaya fi wọn ara wọn, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.