Iná Ọba ní Kàdúná: Ta Ló Ni Àṣẹ Láti Tàn Án?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ iná fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní NEPA ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Àwọn àgbà ní rárá o, ìgbà tí wọ́n tà á fún aládàáni ló bàjẹ́. Ariwo pọ̀, òógùn bo gbogbo wa, torí kò sí iná lọ́jọ́ náà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí a fi ní ká kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ká lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Iná ọba ni àwọn bàbá wa ń pè é, wọn ò sì ṣi orúkọ pè. Ohun tó bá jẹ́ ti ọba, ọba ló ń fúnni, ọba náà ló ń gbà á padà. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí iná ti dé Kàdúná, ìbéèrè kan náà la sì ń bi ara wa: ta ló ní àṣẹ láti ṣe iná, ta ló sì ní àṣẹ láti tà á?

Ọdún 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Kàdúná kò tíì sí nígbà náà. Ó di 1913 kí Lugard tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú yìí sí etí odò, wọ́n sì kó olú ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbí ní 1917. Iná dé Kàdúná ní 1929. Ọ́fíìsì ìjọba àti ibùgbé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, àtùpà ni wọ́n fi ń ka owó ọjà lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí. Ní ọdún 1929 yẹn náà, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ NESCO bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Jos. Omi tó ń já láti orí òkè ni wọ́n fi ń ṣe iná, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń wa tíìnì. Ìjọba òyìnbó fún wọn láyè, torí tíìnì ń mówó wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní aládàáni kò ṣe iná rí ní Nàìjíríà kí ó tó di ayé òde òní, irọ́ ni. Wọ́n ṣe é. Àwọn tí ìjọba fún ní ìwé ló ṣe é.

Ní ayé ìgbà yẹn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí wáyà tó so Kàdúná mọ́ Ìbàdàn. Ìjọba wá ṣe òfin ní 1950, wọ́n dá ECN sílẹ̀, ó sì kó ẹ̀rọ iná àwọn ìlú sábẹ́ ara rẹ̀ ní 1951. Ní 1962, wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún ìdídò odò Ọya. Òun ló bí iná Kainji, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 1968. Ní 1972, wọ́n da àjọ méjèèjì pọ̀, wọ́n sọ wọ́n ní NEPA. Láti ọjọ́ náà, àjọ kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná, òun ló ń gbé e, òun ló ń tà á, òun náà ló ń wá gé e. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣe iná tà, àfi kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà. Ta ni nínú wa ló mọ ọ̀nà ilé mínísítà?

A ò ní parọ́ o, Kàdúná jẹ nínú adùn iná yẹn. Kaduna Textile bẹ̀rẹ̀ ní 1957 nígbà ayé Sardauna, UNTL tẹ̀ lé e ní 1964, Arewa Textiles náà sì wà níbẹ̀. Kakuri kò mọ òru. Bí iṣẹ́ alẹ́ ti ń parí ni ti òwúrọ̀ ń wọlé. Púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé owó oṣù textile ni wọ́n fi rán wa lọ sí ilé ìwé, tàbí kó jẹ́ owó ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ìyá wa tà lẹ́nu géètì textile. Ní 1980, ilé iṣẹ́ ìfọpo Kàdúná ṣí. Ní 1990, wọ́n ṣí ìdídò Shiroro, 600 mẹ́gáwáàtì. Odò wo ni wọ́n dí? Odò Kàdúná tiwa yìí náà ni. Omi tó ń gba abẹ́ afárá wa kọjá ń lọ sí Shiroro, ó di iná níbẹ̀, wọ́n sì ń fi wáyà ńlá gbé e padà wá sí Mando.

Ṣé ẹ rí i? Odò jẹ́ tiwa, ilé ìfọpo wà lẹ́yìn ilé wa, síbẹ̀ àìrí iná àti epo wà lára ohun tó pa àwọn ilé iṣẹ́ wa. Kaduna Textile ti ilẹ̀kùn ní 2002. Ní oṣù kẹwàá 2007, UNTL náà tì í pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì lọ ilé. Ọjà àtòkèèrèwá wà nínú ẹ̀sùn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná tí kò dúró, pẹ̀lú epo dúdú tó gbówó lórí tó tún wọ́n, ló dá wọn lẹ́kun. UNTL tún ṣí díẹ̀ ní 2010, ṣùgbọ́n Kakuri ìgbà náà kò padà wá. Wọ́n ní ẹni tó wà létí odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Àwa wà létí odò, itọ́ la fi bọ́jú.

Nígbà tí ọ̀ràn náà le tán, ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe òfin tuntun ní 2005. Wọ́n ní NEPA kò ní dá ṣe é mọ́, orúkọ rẹ̀ di PHCN kí wọ́n tó pín in sí wẹ́wẹ́. Wọ́n dá NERC sílẹ̀, àjọ tó ń fún àwọn tó fẹ́ ṣe iná tàbí tà á ní ìwé àṣẹ, tó sì ń pinnu iye tí wọ́n lè gbà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, wọ́n kó àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná lé aládàáni lọ́wọ́. Ti Kàdúná, èyí tó tún ń pín iná fún Sókótó, Kebbi àti Zamfara, pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ: ìparí 2014 ni.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ nínú òfin 2005 náà nìyí: ẹni tó bá fẹ́ ṣe iná tí kò ju 1 mẹ́gáwáàtì lọ ní ojú kan, kò nílò láísẹ́ǹsì NERC. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá fẹ́ pín iná tí kò ju 100 kílówáàtì lọ. Kí ni 1 mẹ́gáwáàtì? Ẹ fojú inú wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní «I better pass my neighbour». Ẹ to ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ sójú kan, kò tíì tó o. Ọlọ́jà wo ló ní irú ẹ̀rọ yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù? Ilẹ̀kùn ti ṣí láti 2005, àwa kàn dúró síta ni à ń kan án.

Ní 2016, NERC tún ṣe ìlànà fún iná àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní mini-grid. Bí ó bá kéré sí 100 kílówáàtì, kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 1 mẹ́gáwáàtì, ẹ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ní ààbò: bí wáyà ńlá ìjọba bá wá dé ibi tó wà lẹ́yìn ọ̀la, ó lè so tirẹ̀ mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n san owó ohun tó ti ná, kó fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí kò gba ìwé, òfò rẹ̀ ni. Ní ọjà Sabon Gari ní Kánò, sólà ni wọ́n fi ń fún àwọn ṣọ́ọ̀bù níná lábẹ́ ètò àjọ tó ń rí sí iná ìgbèríko. Ní Sura l'Ékòó àti Ariaria ní Aba, gáàsì ni. Ọlọ́jà bíi tiwa ni wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti ara wa, ká má bo àléébù mọ́lẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àdúgbò tí díẹ̀ nínú wa ń gbé, tíránsífọ́mà jóná. A dá owó jọ, láti ilé dé ilé, opó àti aláìníbaba kò gbẹ́yìn. Ẹnì kan ní òun mọ ọ̀nà, a kó owó lé e lọ́wọ́. Tíránsífọ́mà dé lóòótọ́, a sè, a jẹ, a jó. Kò pé ọdún kan, òun náà jóná. Nígbà tí a ní kí wọ́n bá wa tún un ṣe, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ìwé wo lẹ fi gbé e síbẹ̀? A wo ojú ara wa. Kò sí ìwé kankan. Fóònù ẹni tó mọ ọ̀nà kò wọlé mọ́. A tún dá owó jọ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú wa, àwọn tó ń ta ẹja yìnyín da ẹja nù lọ́sẹ̀ náà, ọkàn kan nínú wọn kò sì padà sídìí ọjà yẹn mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé NERC ti ṣe ìlànà kan láti 2015: bí àdúgbò bá fẹ́ fi owó ara wọn ra opó, wáyà tàbí tíránsífọ́mà, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná tọwọ́ bọ ìwé, kí ó hàn níbẹ̀ bí owó wọn yóò ṣe padà. Ìwé náà ti wà nígbà tí à ń jó. Àwa la ò béèrè.

A ò sọ pé ìwé nìkan ló ń mú iná wá o. Ẹ wo Kudenda. Ní nǹkan bí 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ iná 215 mẹ́gáwáàtì níbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ni ín, kò sí ẹni tó lè fi ìwé dù ú, síbẹ̀ ọdún ń gorí ọdún. Gáàsì wà lára ohun tó yẹ kó máa jẹ, páìpù gáàsì kò sì tíì dé Kàdúná nígbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2020, Ààrẹ Buhari ṣí iṣẹ́ páìpù láti Ajaokuta gba Kàdúná dé Kánò, 614 kìlómítà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba orí oko olóko kọjá, ó sì ti wà nínú òfin láti 1992 pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ohun tó máa ṣe sí ilẹ̀, omi àti èèyàn wò. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú.

Ní oṣù kẹwàá 2024, gbogbo wa rí i bí gbígbé ara lé wáyà kan ṣe rí. Wọ́n ba wáyà ńlá jẹ́ lọ́nà Shiroro sí Mando, àìsí ààbò kò sì jẹ́ kí wọ́n lè lọ tún un ṣe. Nígbà tí èyí tó ń gba Benue kọjá tún já, òkùnkùn bo ibi púpọ̀ ní Àríwá fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí Hausa bá fẹ́ béèrè ibi tí nǹkan wà, «ina» ló máa sọ. Lọ́sẹ̀ náà, Yorùbá àti Hausa ń pe ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan.

Èyí tó kù ni tuntun. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ wa, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wá ní agbára láti ṣe òfin lórí iná, yálà wáyà ìjọba àpapọ̀ dé ibẹ̀ tàbí kò dé ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Nílé lọ́hùn-ún, Èkìtì àti Oǹdó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ NERC ní 2024, bẹ́ẹ̀ náà ni Enúgù. Ọba ti ń pín iná rẹ̀ o. Ẹni tó bá sùn nígbà tí wọ́n ń pín in kò gbọdọ̀ sunkún bí ilẹ̀ bá mọ́.

Nítorí náà, àwa ń bẹ ara wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá owó tíránsífọ́mà mọ́ láìjẹ́ pé ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa lọ béèrè ohun tí mini-grid máa ná wa, ká sì fi wé owó bẹntiróòlù tí à ń dà sínú jẹnẹrétọ̀. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá pe ará ìlú wá sọ̀rọ̀ lórí òfin iná, ká lọ jókòó síbẹ̀, kí Hausa, Gbagyi, Igbo àti Yorùbá jọ sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹni tí òkùnkùn ń ya sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá rántí ohun tá a gbàgbé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ní textile tàbí ní NEPA àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín kún un. Iná wa ò ní kú o. Àmín.